Ẹ bá mi wo fótò bàbá àgbà mi yìí, ṣé góòlù ni wọ́n ń wà lóòótọ́?

Ọmọ Ìnísà
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Fótò kan ló wà lọ́wọ́ mi, inú àpótí ìyá bàbá mi la ti bá a. Ọkùnrin márùn-ún ló wà níbẹ̀, ṣòkòtò péńpé, ẹsẹ̀ lásán, ọ̀kan di ṣọ́bìrì mú, ọ̀kan gbé nǹkan róbótó kan sáyà, omi wà lẹ́yìn wọn àti igbó díẹ̀. Wọ́n ní ẹni kejì láti ọwọ́ òsì ni bàbá àgbà mi. Ohun tí gbogbo ilé mọ̀ ò ju pé bàbá lọ wa góòlù ní Gáná, Busia tó jẹ́ olórí ìjọba Gáná wá lé wọn padà sílé ní 1969, ó tán. Ibi tí wọ́n gbé, mi ò rẹ́ni sọ ọ́. Ẹni tó gbà wọ́n síṣẹ́, mi ò rẹ́ni sọ ọ́. Ìwé kankan ò sí, torí wọ́n ní ìwọ̀nba ẹrù tí wọ́n lè fọwọ́ gbé ni wọ́n gbé. Mo fẹ́ mọ ibi tó jẹ́ àti àwọn mẹ́rin yòókù yẹn, bóyá ẹbí ni wọ́n. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Mo ti tẹ orúkọ bàbá sórí Google, olóṣèlú ló ń gbé jáde fún mi.

Fẹ́mi Onífótò
Àbúrò, ẹ̀yìn fótò ńkọ́? Iwájú ni gbogbo èèyàn máa ń yà ránṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn lọ̀rọ̀ pọ̀ sí. Bó bá lẹ̀ mọ́ álíbọ́ọ̀mù má fà á o, má fi omi kàn án, má fi spirit kàn án, má sì gbé e lọ fún àwọn tó ń ṣe lámínéètì nítorí Ọlọ́run, ooru ẹ̀rọ yẹn á bà á jẹ́ pátápátá. Lọ síbi wíńdò ní ọ̀sán, pa flash fóònù, da fótò dé kí ìmọ́lẹ̀ máa wá láti ẹ̀gbẹ́, kó má wá láti òkè. Ibi tí wọ́n bá ti fi pẹ́ńsùlù tàbí bírò tẹ̀ á ní kòtò, kòtò yẹn á ní òjìji, ìwọ á sì rí i kà bí yíǹkì ẹ̀ tiẹ̀ ti parẹ́. Yà á bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà kó o wá síkáànì ẹ̀ ní 600 dpi níwájú àti lẹ́yìn, kó o sì síkáànì ẹ̀ ní kọ́lọ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ fótò dúdú òun funfun, torí òǹtẹ̀ onífótò tó ti ṣá kì í yọ dáadáa tó bá jẹ́ dúdú òun funfun lo fi síkáànì ẹ̀.

Tún wo etí ẹ̀. Ṣé ó gún régé ni àbí wọ́n gé e ní eyín eyín?

Ìyá Túndé
Ọmọ Ìnísà, ẹ kú ará fẹ́ra kù o. Èmi náà ọmọ Gáná ni, ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Ẹ jẹ́ n rí ẹ̀yìn ẹ̀ ná, mò ń bọ̀ wá sọ̀rọ̀.

Ọmọ Bukuru
Ẹ má bínú o, èmi ò rò pé Gáná nìyí. Jọs ni. Ẹ wo omi, ẹ wo ṣọ́bìrì, ẹ wo ẹsẹ̀ lásán. Àwọn bàbá wa tó wa tín ní Jọs àti Bukuru, orí ilẹ̀ ni wọ́n ti ń wà á, kì í ṣe inú ihò, wọ́n á gbẹ́lẹ̀, wọ́n á fi omi ṣàn án, iyanrìn á lọ, tín tó wúwo á kù sílẹ̀. Yorùbá tó wà níbẹ̀ kì í ṣe kékeré, rélùwéè kékeré tó wá láti Sàríà ti dé Bukuru láti 1914. Ìdílé púpọ̀ ló máa ń da gbogbo ìlú òkèèrè pọ̀, bàbá lọ Jọs lọ́mọdé ó tún lọ Gáná lágbà, ọmọ á sọ pé Gáná ṣáá.

Ohun tí mo fẹ́ kó o kọ́kọ́ mú kúrò lọ́nà ni èyí: wo orí wọn. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú ihò, bíi àwọn tó wa èédú ní Enugu tàbí àwọn tó wa góòlù ní Obuasi ní Gáná, iná máa ń wà lórí akoto ẹ̀ tàbí lọ́wọ́ ẹ̀, àwọn kan máa ń wọ búùtù, àwọn mìíràn tiẹ̀ ní nọ́ńbà irin tí wọ́n fi ń mọ ẹni tó wọlé ẹni tó jáde. Tí o bá rí nọ́ńbà, fẹ̀ ẹ́ wò, nọ́ńbà yẹn níye lórí ju orúkọ lọ. Àmọ́ tí orí bá ṣófo tí ẹsẹ̀ náà ṣófo, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ orí ilẹ̀ tàbí etí odò ni.

Ọmọ Ìnísà
Ẹ ṣé gan-an ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo ti ṣe bí ẹ̀gbọ́n Fẹ́mi ṣe wí. Etí ẹ̀ ní eyín eyín. Lẹ́yìn, wọ́n tẹ "Velox" sí i fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ ní ìdàgẹ̀rẹ̀, ó tún ara ẹ̀ tẹ̀ káàkiri. Òǹtẹ̀ kan wà tó ti ṣá, ohun tí mo lè kà ni PHOTO, lẹ́yìn náà BOX láìsí nọ́ńbà, nísàlẹ̀ ODA, ó sì jọ pé lẹ́tà kan tàbí méjì wà níwájú ODA tó ti parẹ́. Pẹ́ńsùlù sì kọ 2/6. Ṣé ọjọ́ kejì oṣù kẹfà nìyẹn?
Akoto ò sí, iná ò sí. Fìlà kan ṣoṣo ló wà, abetí ajá.

Fẹ́mi Onífótò
Ọjọ́ kẹ̀? Owó nìyẹn. Ṣílè méjì àti kọ́bọ̀ mẹ́fà. Bí àwa onífótò ṣe ń kọ iye owó sẹ́yìn iṣẹ́ nìyẹn kí ọmọọ̀ṣẹ́ má bàa gba owó tí ò pé. Gáná sì gbé owó sídì jáde dípò pọ́n-ùn àti ṣílè ní 1965, ó ṣeé ṣe kí fótò yìí ti wà ṣáájú ìgbà yẹn. Velox, bébà Kodak ni. Etí eléyín yẹn, láti bíi 1930 sí àwọn ọdún 1960 ló gbajúmọ̀, kò lè sọ ọdún fún ọ lóun nìkan, ṣùgbọ́n òun àti ṣílè jọ ń sọ ohun kan náà.

Ohun kan ṣá o. Ọdún tí wọ́n tẹ bébà yìí lò ń rí, kì í ṣe ọdún tí wọ́n ya àwòrán. Èèyàn lè mú fótò àtijọ́ lọ sọ́dọ̀ onífótò pé kó bá òun tún un tẹ̀.

Ṣàngódélé Kumasi
Ọmọ Bukuru, ẹ fi Jọs sílẹ̀ jàre 😂 ODA ni ODA. Akim Oda, ní Eastern Region Gáná níbí. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ "A. ODA" tàbí "AKIM ODA" ni wọ́n kọ tí iwájú ẹ̀ fi parẹ́. Ojú irin tó lọ sí Kade gba ibẹ̀ kọjá, ìlú òwò gidi ni láyé àtijọ́.

Ẹ jẹ́ n wá sọ ohun tó mú mi dìde jókòó. Tòsí Oda kì í ṣe ibi góòlù Obuasi o, jìnnà síra ni. Ohun tó wà nítòsí Oda ni Akwatia, àti gbogbo àfonífojì odò Birim, dáyámọ́ǹdì ni wọ́n ń wà níbẹ̀. 1919 ni Albert Kitson tó jẹ́ ọ̀gá àwọn ayẹ̀lẹ̀wò ìjọba rí i níbẹ̀, òun náà ni wọ́n ní ó rí èédú Enugu ní 1909, ọkùnrin yẹn ò jókòó. Ilé iṣẹ́ CAST, ìyẹn Consolidated African Selection Trust, wá gbé ẹ̀rọ dé Akwatia ní àwọn ọdún 1920, ṣùgbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni àwọn aládàáni ń gbẹ́ tiwọn pẹ̀lú ṣọ́bìrì, ọmọ Nàìjíríà sì kún ibẹ̀ fọ́fọ́, àwọn Yorùbá pàápàá.

Nítorí náà àbúrò, fẹ̀ nǹkan róbótó yẹn. Ṣé ìdí ẹ̀ dí ni àbí ó lu?

Ọmọ Ìnísà
Mo ti fẹ̀ ẹ́. Ó lu o! Ìmọ́lẹ̀ ń gba inú ẹ̀ kọjá, mo ń rí ìlà ìlà. Etí ẹ̀ ga bí igi tí wọ́n tẹ̀. Mo tún wá rí i pé méjì irú ẹ̀ wà nílẹ̀ níbi ẹsẹ̀ ẹni tó dúró láàárín, tí wọ́n gbé lé ara wọn, mo ti rò pé òkúta ni tẹ́lẹ̀. Dáyámọ́ǹdì kẹ̀? Kò sẹ́ni tó dárúkọ dáyámọ́ǹdì rí nílé wa.

Ìyá Túndé
Ajọ̀ ni. Mo ti mọ̀ kó o tó fẹ̀ ẹ́, mo kàn fẹ́ kó o fojú ara ẹ rí i.

Mẹ́ta ló máa ń jẹ́ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ojú ọ̀kan tóbi, ti èkejì kéré, ti ìkẹta kéré sí i, wọ́n á tò wọ́n léra, wọ́n á bu yangí tí wọ́n gbẹ́ sí tòkè, wọ́n á wá ri gbogbo ẹ̀ bọ omi. Bàbá mi kì í gbọ̀n ọ́n lásán o, wọ́n á máa yí i, wọ́n á tún máa tì í sókè sódò nínú omi, ọwọ́ wọn ò ní sáré ò sì ní dúró, kí èyí tó wúwo lè máa rìn lọ sáàárín kó sì rì sísàlẹ̀. Tó bá tó, wọ́n á gbé ajọ̀ jáde, wọ́n á dà á dé sórí ilẹ̀ tí wọ́n ti tẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ báyìí, PÀÁ, wọ́n á sì gbé e kúrò. Ohun tó ti wà nísàlẹ̀ ti dòkè. Àárín ọ̀hún gan-an á dúdú díẹ̀ ju etí lọ, ibẹ̀ ni wọ́n máa fojú wá, wọn kì í wo etí. Àwa ọmọdé ò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan ibẹ̀. Ẹni tó bá ń wa góòlù ní odò ò ní lo ajọ̀ báyìí, igbá tàbí páànù ni yóò lò torí góòlù á bọ́ lójú ajọ̀.

Ìdí tí ẹ ò fi gbọ́ dáyámọ́ǹdì nílé yín, ìyẹn ò ya èmi lẹ́nu. Gbígbẹ́ ẹ̀ fẹ́ láísẹ́ńsì, kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ní in, títà ẹ̀ náà ní òfin tiẹ̀. Àwọn àgbà ò ní máa pariwo ẹ̀ létí ọmọ. Nílé tiwa "òwò" ni wọ́n máa ń pè é tí àlejò bá bèèrè. Góòlù ni bàbá tiyín sọ, ó tiẹ̀ sọ nǹkan tó jọ ọ́ ná.

Ọmọ Bukuru
Ajọ̀ ti pa mí lẹ́nu mọ́. Ó kù sí Akwatia.

Dékúnlé
Kí ló ń ṣe wá gan-an, ẹ kàn lọ ṣe DNA kí ẹ sinmi.

Ṣàngódélé Kumasi
DNA á sọ fún un pé ó ní ìbátan kan ní Houston. Kò lè sọ ẹni tó di ṣọ́bìrì mú.

Lákọ̀wé Àpapa
Mo ti ń ka thread yìí láti àárọ̀, iṣẹ́ mi jọ mọ́ ìwé àtijọ́ ni, ẹ jẹ́ n fi tèmi kún un. Ohun tí ẹ ti ṣe yẹn ti gbà á lọ́wọ́ ìnáwó àti ìfàkókòṣòfò púpọ̀, torí ká ní góòlù Obuasi ló dìrọ̀ mọ́, ìwé Ashanti Goldfields Corporation tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1897 ni ì bá máa wá kiri, London sì ni ọ̀pọ̀ ẹ̀ wà, ní The London Archives (London Metropolitan Archives ni wọ́n ń pè é títí di 2024). Kò ní rí bàbá ẹ̀ níbẹ̀ títí láé.

Fún Akwatia àti Oda, PRAAD ni kó o lọ, ìyẹn ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba Gáná. Olú ilé ẹ̀ wà ní Accra, ó sì ní ẹ̀ka ní Koforidua fún Eastern Region, ibẹ̀ ló yẹ kó o kọ́kọ́ bèèrè. Má lọ bèèrè orúkọ bàbá ẹ, wọn ò to fáìlì bẹ́ẹ̀ yẹn. Béèrè fáìlì tó jẹ mọ́ ìwakùsà, láísẹ́ńsì àwọn tó ń gbẹ́ dáyámọ́ǹdì, ẹ̀sùn ilẹ̀, àti ọ̀rọ̀ àwọn àjèjì. Inú ẹ̀sùn àti ẹ̀bẹ̀ ni orúkọ àwọn tálákà ti máa ń jáde, torí ẹni tí nǹkan ò bá dùn ló máa ń kọ̀wé síjọba.

Orúkọ náà á fẹ́ ọgbọ́n o. Akọ̀wé tó kọ ọ́ lè má gbọ́ Yorùbá rárá. Ó lè kọ Raji, Rajih, Radji, Laji. Ó lè kọ orúkọ kan ṣoṣo kó wá fi ìlú tàbí ẹ̀yà ṣe orúkọ bàbá, irú bíi Salami Lagos tàbí Salami Ilorin, ẹni tí ò sì tíì dé Èkó rí ni. Nítorí náà kọ gbogbo bó ṣe lè jẹ́ sílẹ̀ kó o tó kúrò nílé.

Nílé níbí, National Archives tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn ní fáìlì Oyo Prof àti Oshun Div, ìyẹn fáìlì ẹkùn Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun láyé ìjọba òyìnbó, agbègbè Ìnísà wà nínú ẹ̀, wọ́n sì ní ìwé ìròyìn àtijọ́. Àṣẹ Busia yẹn, 18 November 1969 ló jáde, ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fún ẹni tí ò ní ìwé ìgbélùú. Ka ìwé ìròyìn November ọdún yẹn sí ìbẹ̀rẹ̀ 1970 kó o lè mọ ọ̀nà tí wọ́n gbà wálé.

Tí ojú bá ń wù ọ́ láti wo àwòrán ibẹ̀ nígbà náà, ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba ní Britain gbé àwòrán àtijọ́ ti Colonial Office sórí íntánẹ́ẹ̀tì, CO 1069 ni nọ́ńbà ẹ̀, wọ́n pè é ní Africa Through a Lens, apá ti Gold Coast, orúkọ tí Gáná ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, wà nínú ẹ̀. Má retí bàbá ẹ níbẹ̀. Irú aṣọ, irú irinṣẹ́, irú ilé lò ń wò.

Bọ́sẹ̀ Ìlọrin
Ṣé Kirisẹ́ẹ̀nì ni bàbá àbí Mùsùlùmí? Mo bèèrè nítorí pé àwọn oníṣòwò Yorùbá, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ pàápàá, ló gbé ṣọ́ọ̀ṣì Baptist dé ọ̀pọ̀ ìlú ní Gáná, ṣọ́ọ̀ṣì yẹn sì ń kọ ìrìbọmi, ìgbéyàwó àti orúkọ ọmọ sínú ìwé. Wọ́n lé àwọn tó ń jọ́sìn níbẹ̀ lọ ní 1969, àmọ́ ibòmíràn ìwé ò bá wọn lọ.

Ọmọ Ìnísà
Mùsùlùmí ni wọ́n mà.

Bọ́sẹ̀ Ìlọrin
Á jẹ́ pé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú lo máa wá. Ìnísà ò lè wà ní Gáná kó má ní ẹgbẹ́. Béèrè lọ́wọ́ ìdílé tí bàbá wọn jẹ́ akọ̀wé tàbí akápò ẹgbẹ́, ilé irú wọn ni ìwé ìpàdé àti ìwé owó máa ń wà, wọn kì í jù ú nù.

Tádé Graphics
Mo lè bá ẹ fi app tún fótò yẹn ṣe, á mọ́ kedere, àwọn AI tuntun yìí ò ṣe é fẹnu sọ.

Fẹ́mi Onífótò
Tádé má ṣe é o. Mo ti rí ohun tí wọ́n ń ṣe. Ẹnìkan gbé fótò ìyá ẹ̀ fún wọn, app pa ilà ojú rẹ́, ó gbà pé àléébù bébà ni, ó tún fi eyín funfun sẹ́nu obìnrin tí ò rẹ́rìn-ín. Ojú tó dáa ni o, àmọ́ kì í ṣe ojú ẹnikẹ́ni. Tó bá jẹ́ láti gbé kọ́ ògiri, kò burú, kọ ọ́ sẹ́yìn ẹ̀ pé app ló ṣe é. Tó bá jẹ́ láti wá èèyàn, síkáànì tí o ò tíì fọwọ́ kàn ni kó o lò.

Ní ti ilà gan-an, ìwọ náà wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn níkọ̀ọ̀kan. Pélé ni àbí àbàjà àbí gọ̀mbọ́, mélòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Tí ti mẹ́ta bá bára mu tí ti ẹnìkan yàtọ̀, o ti mọ ẹni tí kì í ṣe ará ilé. Kò tó láti fi búra, ṣùgbọ́n fi han àgbàlagbà tó mọ ilà.

Ìyá Túndé
Ibi àgbàlagbà yìí ni mo fẹ́ dúró sí. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ẹ máa ń gbé fótò lọ bá wọn, ẹ á ní "Màmá ṣé ẹ rí i, bàbá àgbà nìyí ní Akwatia, àbí?" Kí ni màmá fẹ́ sọ? Á ní bẹ́ẹ̀ ni, kẹ́ ẹ lè jẹ́ kóun sinmi. Má dárúkọ ẹnikẹ́ni, má dárúkọ ìlú. Tẹ fótò fún un lọ́wọ́, fóònù ò dáa, torí ìka wọn á máa fẹ̀ ẹ́ sódì. Lọ láàárọ̀ kí oorun ọ̀sán tó mú wọn. Jẹ́ kí wọ́n wò ó pẹ́. Bèèrè nǹkan kékeré: ta ló ni fìlà yìí, ta ló máa ń se oúnjẹ fún wọn, odò yìí ńkọ́, ṣé wọ́n ń mu ún? Fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀, kó o tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn ná. Bí àgbà méjì bá wà, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kó o bá wọn sọ̀rọ̀, torí ẹni tó lẹ́nu nínú wọn á gba ìtàn mọ́ ẹnìkejì lẹ́nu. Àwọn ìyàwó ilé ni kó o wá jù, àwọn ọkùnrin á sọ owó fún ẹ, obìnrin ló mọ ẹni tó bí ọmọ nígbà wo.

Bèèrè orúkọ àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá ń pè ní Kofi tàbí Kwame tàbí Ama nínú ẹbí yín, ará Gáná ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n bí i ló wà nínú orúkọ yẹn, Kofi Jimọ̀, Kwame Sátidé, Ama náà Sátidé fún obìnrin.

Ohun tó kẹ́yìn, ṣe ọkàn ọkùnrin o. Bàbá tó lo ogún ọdún nílẹ̀ òkèèrè, ó lè ní ìyá mìíràn níbẹ̀, ó lè ní ọmọ. Tó o bá gbọ́ ọ, má gbé e sórí WhatsApp ẹbí lọ́jọ́ náà.

Ọmọ Ìnísà
Ẹ̀yin mà mà mọ nǹkan tẹ́ ẹ ń sọ. Mo lọ sọ́dọ̀ àbúrò bàbá mi obìnrin, mi ò dárúkọ kankan. Wọ́n kọ́kọ́ sọ pé àwọn ò mọ ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí mo bi wọ́n ní fìlà, wọ́n ní "fìlà Kànmí ni, Kànmí ò lè yọ ọ́ torí apá orí ẹ̀". Kànmí yìí ni bàbá kan tí wọ́n máa ń kì ládùúgbò wa ní Ìnísà, àwọn ọmọ ẹ̀ ṣì wà nílé! Wọ́n ní òun ni bàbá wa bá lọ, òun ló ní ajọ̀. Wọ́n tún ní ẹ̀gbọ́n àwọn kan wà tí wọ́n ń pè ní Kofi, ó kú ní kékeré, ó ti ń rìn kí wọ́n tó yí àsíá Gáná padà.

Lákọ̀wé Àpapa
1957 ni àsíá yí, ní March. Ọmọ tó ti ń rìn nígbà yẹn, á jẹ́ pé bíi 1955 tàbí ìbẹ̀rẹ̀ 1956 ni wọ́n bí i, lọ́jọ́ Jimọ̀ kan. Ìyẹn fi hàn pé bàbá ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó nígbà náà. Bẹ̀rẹ̀ fáìlì láti bíi 1950. Kànmí yẹn sì ni kó o wá jù bàbá ẹ lọ, ẹni tó ní irinṣẹ́ ló ṣeé ṣe kó ní láísẹ́ńsì.

Ṣàngódélé Kumasi
Ọ̀rọ̀ yẹn dáa. Mo ń kọjá ní Koforidua lóṣù tó ń bọ̀, mo lè yà sí PRAAD bá ẹ bèèrè ohun tí wọ́n ní lórí Akwatia kó o tó náwó ọkọ̀. Lọ sílé Kànmí ná, béèrè orúkọ ẹ̀ ní kíkún, orúkọ Mùsùlùmí ẹ̀, àti bí wọ́n ṣe ń pè é ní Gáná. Fi ránṣẹ́ sí mi ní inbox, má kọ ọ́ síbí, kí o sì bá mi ya ojú fìlà yẹn ní ọ̀tọ̀.